Ẹ̀rọ Afọ́najílẹ̀: Hóró Ni Ká Kọ́kọ́ Mọ̀, Ká Tó Mọ Irin

Oko àgbàdo kì í pa irọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Bí ajílẹ̀ bá kárí i bó ṣe yẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á dúdú minimini láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí wọ́n bá sì dà á ní ìdàkudà, oko náà á tú àṣírí ẹni tó dà á: ìlà kan á tutù yọ̀yọ̀, ìlà tó tẹ̀ lé e á pọ́n, àgbàdo ibẹ̀ á sì ràrá mọ́lẹ̀. Níbi tí ọwọ́ ti wúwo jù, etí ewé á gbẹ, á jó. Owó ajílẹ̀ kan náà ni wọ́n san, irúgbìn kan náà ni wọ́n gbìn, òjò kan náà ló rọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe fọ́n ajílẹ̀ ká ló yàtọ̀.

Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ṣì fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n á bu ajílẹ̀ sínú garawa tàbí abọ́, wọ́n á máa rìn, wọ́n á máa fọ́n ọn. Nínú oko éékà kan tàbí méjì, ó ṣe é ṣe, torí ẹni tó ni oko ló ń fọ́n ọn, ó sì mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ṣùgbọ́n nígbà tí oko bá di hẹ́kítà mẹ́wàá tàbí ogún, apá á ro, ẹsẹ̀ á wọ́, ìwọ̀n á sì dàrú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ afọ́najílẹ̀ ti wúlò: àpótí ńlá kan tó jókòó lórí táyà méjì, tí katakata ń wọ́ lẹ́yìn, tó ń ju hóró ajílẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń lọ.

Lókèèrè, ẹ̀rọ tó rọrùn ni. Kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kò ní wáyà, kò sì mu epo. Wẹ́dà tó bá ti ṣe ẹ̀rọ gàrí rí lè wò ó lẹ́ẹ̀kan, kó ní òun á ṣe é. Ó sì lè ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ju kí wọ́n máa da ajílẹ̀ sílẹ̀ lọ, nítorí pé irin ni ẹni tó ṣe wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ni hóró tí ẹ̀rọ náà máa gbé.

Ẹ jẹ́ ká bu ẹ̀kúnwọ́ NPK 20-10-10 kan látinú àpò, ká tẹ́ ẹ sórí páálí funfun. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n pò pọ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ilẹ̀ wa ni, ojú á rí i pé hóró rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan funfun, wọ́n rí róbótó: yúríà nìyẹn, òun ló gbé náítírójìn. Àwọn kan dúdú tàbí kí àwọ̀ wọn jọ ti ilẹ̀: àwọn ló gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Àwọn kan pupa rẹ́súrẹ́sú, wọn kò sì róbótó, etí wọn mú: pọ́táṣì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ hóró tó dára fún ẹ̀rọ kì í kéré ju mìlímítà méjì lọ, kì í sì í tóbi ju mẹ́rin lọ. Bí a bá gbọn páálí náà, ẹ̀tù lẹ́búlẹ́bú á ṣẹ́ kù sábẹ́ wọn.

Gbogbo ìwà tí ẹ̀rọ máa hù lóko ti wà lórí páálí yẹn. Hóró ńlá máa ń fò jìnnà. Hóró kékeré, afẹ́fẹ́ á tètè dá a dúró, á sì já sílẹ̀ nítòsí. Ẹ̀tù kì í fò rárá, ẹ̀yìn ẹ̀rọ níbẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, tàbí kí atẹ́gùn gbé e lọ sóko olóko. Nítorí náà, bí hóró pọ́táṣì inú àpò kan bá kéré sí ti yúríà inú rẹ̀, pọ́táṣì á pọ̀ sí àárín ọ̀nà, yúríà á pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó. Kò sí irin tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹni tó ń ra ajílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wo bí hóró rẹ̀ ṣe dọ́gba tó kó tó sanwó.

Ìwọ̀n wọn náà kò dọ́gba. Lítà kan NPK máa ń wọn bíi kílò kan, ṣùgbọ́n lítà kan yúríà kì í ju nǹkan bíi kílò 0.75 lọ. Kílò 50 ni àpò kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ àpò yúríà gba ààyè ju ti NPK lọ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ omi inú afẹ́fẹ́. Bí ooru bá wà ní dígírì 30, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ju nǹkan bíi ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, yúríà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra. Láàárín oṣù Òkúdù àti oṣù Agẹmọ, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ní Ìbàdàn, ní Oǹdó àti ní Ìjẹ̀bú sábà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ajílẹ̀ tí a dà sínú ẹ̀rọ ní àárọ̀ kùtù, tí a wá gbé e sílẹ̀ láìfi nǹkan bò ó, á lẹ̀ mọ́ra, bó bá sì sùn mọ́jú, á dì pa.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí a ti mọ hóró, a wá lè sọ bí ilé rẹ̀ ṣe máa rí. Ẹ̀rọ tí mò ń ṣàpèjúwe yìí, ti katakata kékeré ni. Àpò NPK mẹ́rin ni a fẹ́ kó gbé lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kílò 200, torí pé kílò 200 fún hẹ́kítà kan jẹ́ ìwọ̀n tó ṣe é lò fún àgbàdo. Bó bá jẹ́ NPK 15-15-15, kílò 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni ilẹ̀ á rí gbà. Bí a bá da àpò mẹ́rin sí i, hẹ́kítà kan ló gbọ́dọ̀ tó. Àgbẹ̀ tí kò mú bírò dání pàápàá á tètè mọ̀ bí ìṣirò náà bá ti yẹ̀: bí ajílẹ̀ bá tán kí hẹ́kítà tó parí, tàbí bí hẹ́kítà bá parí tí ajílẹ̀ ṣì kù, nǹkan kan ti ṣe.

Họ́pà, ibi tí a ń da ajílẹ̀ sí, ló wà lókè pátápátá. Ó rí róbótó, ó fẹ̀ ní mítà kan lẹ́nu, ó sì ń tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀ títí tí ìdí rẹ̀ fi ku sẹ̀ǹtímítà 20. Ògiri rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní dígírì 50, ibi tó dà náà sì jìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 48. Lókè ibẹ̀ ni a jó ọrùn kan mọ́ ọn tó dúró ṣánṣán, tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, ó gba bíi lítà 200: àpò NPK mẹ́rin, tàbí àpò yúríà mẹ́ta.

Dígírì 50 náà kì í ṣe àdábọwọ́. Bí a bá da ajílẹ̀ gbígbẹ jọ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkìtì rẹ̀ kì í dà ju nǹkan bíi dígírì 30 sí 35 lọ. Ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á yọ̀ wálẹ̀. Ògiri họ́pà gbọ́dọ̀ dà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí èyí tó ti rin díẹ̀ pàápàá lè yọ̀. Wẹ́dà sábà máa ń fẹ́ họ́pà onígun mẹ́rin, torí páànù pẹlẹbẹ mẹ́rin ni, kò gba pé à ń ká irin. Ṣùgbọ́n ẹ wo igun rẹ̀. Bí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dà ní dígírì 50, ibi tí ògiri méjì ti pàdé kì í dà ju dígírì 40 lọ. Inú igun yẹn ni ajílẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Ibẹ̀ ló ti ń rin, tó ń dì, tó sì ń jẹ irin láti inú wá. Họ́pà róbótó kò ní igun tí nǹkan lè sá sí. Kíká páànù gba sùúrù, ó sì gba owó, àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́nu họ́pà ni a tẹ́ asẹ́ onírin sí, tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ. Ajílẹ̀ tó ti dì, òkúta àti òwú tí wọ́n fi rán ẹnu àpò, ibẹ̀ ló ń dá wọn dúró. Lórí asẹ́ náà la ó wá fi tapólì bò, ká fi rọ́bà dì í, nítorí òjò kì í sọ fún ẹni tó wà lóko kó tó dé.

Ohun tó máa ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lẹ́nu wà ní ìdí họ́pà. Katakata tó ń rin kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí kan ń rin mítà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rọ bá ń fọ́n ajílẹ̀ ká mítà mẹ́fà ní ìbú, ilẹ̀ tó ń kárí ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ mítà mẹ́fà lọ́nà 100. Fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kílò 12 ló gbọ́dọ̀ jáde. Ihò tí kílò 12 náà ń gbà jáde, bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó rí róbótó, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Bí ẹni tó ń lò ó bá ṣèèṣì ṣí i dé sẹ̀ǹtímítà 3.6, ohun tó ń jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kílò 200 ti di bíi 340 nìyẹn, nítorí mìlímítà mẹ́fà péré.

Ìdí nìyí tí ìlẹ̀kùn ihò náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa jù lọ lára ẹ̀rọ yìí. Páànù méjì tó nípọn ni, ọ̀kan dúró, èkejì ń fà lórí rẹ̀ láìmì. Ọ̀pá tó ń fà á gùn dé ọwọ́ ẹni tó ń wa katakata. Lára ọ̀pá náà ni a fín àmì sí, mìlímítà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, a sì fi bóòtì kan sí i tí a lè tì mọ́ àmì tí a bá yàn. Bí wọ́n bá ti ṣí ìlẹ̀kùn dé ibi bóòtì yẹn, kò ní lè kọjá. Kò sẹ́ni tó máa fi ojú wọ̀n ọ́n mọ́.

Ìwà kan wà tí hóró ní tó ran ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́. Bí àgbá omi bá kún, omi á máa tú jáde kíkankíkan. Bó bá ń lọ sílẹ̀, á máa rọ̀. Hóró kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fara ti ara wọn, wọ́n á sì fara ti ògiri, débi pé ògiri ló ń gbé púpọ̀ nínú ẹrù wọn. Janssen, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, ló gbé ìṣirò èyí jáde ní 1895. Ní 1961, Beverloo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìbú ihò àti ìtóbi hóró ló ń pinnu bí hóró ṣe ń yára jáde, gíga òkìtì tó wà lókè rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Fún àgbẹ̀, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí àpò àkọ́kọ́ ṣe jáde ni àpò ìkẹrin náà á ṣe jáde. Ẹ̀rọ kò ní máa da púpọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ oko, kó máa da díẹ̀ sí ìparí rẹ̀.

Ìwà kan náà yìí tún ní ìyọnu tirẹ̀. Hóró tó ń fara ti ara wọn lè so kọ́ra lókè ihò, kí wọ́n ṣe afárá, kí ohunkóhun má sì jáde mọ́. Ẹni tó ń wa katakata á máa lọ, kò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́, àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àgbàdo bá pọ́n. Nítorí èyí la ṣe ń gbé ọ̀pá kékeré kan gba àárín ìdí họ́pà lọ sókè, tí ìka kan wà lára rẹ̀ tó ń yí nínú ajílẹ̀. Iṣẹ́ ọmọrogùn ló ń ṣe. Ìka náà kò gbọdọ̀ nípọn, kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ, torí pé bó bá ń rò ó jù, á lọ hóró di ẹ̀tù, a sì ti mọ ohun tí ẹ̀tù ń ṣe.

Lábẹ́ ihò ni àwo irin wà. Sẹ̀ǹtímítà 45 ni ìbú rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹ́ mẹ́rin sì wà lórí rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nítòsí àárín, tí wọ́n sì dé etí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé hóró kan ṣoṣo. Ó gba ihò bọ́, ó já sórí àwo nítòsí àárín, níbi tí àwo kò ti yára púpọ̀. Ìyẹ́ kan dé, ó gbá a mú. Hóró náà á máa yọ̀ lọ sí etí lára ìyẹ́ yẹn, bó sì ṣe ń sún mọ́ etí ni ìyára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbà tó bá dé etí àwo tó ń yí nígbà 475 ní ìṣẹ́jú kan, etí yẹn ń lọ ní bíi mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hóró fò. Àwo náà fi sẹ̀ǹtímítà 70 ga sílẹ̀, nítorí náà hóró kò ní tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lófuurufú kó tó kan ilẹ̀. Láàárín ìgbà kúkúrú yẹn, ó lè dé nǹkan bíi mítà mẹ́rin sí ẹ̀rọ.

Àwọn tó jìnnà kéré níye, àwọn tó bọ́ sí àárín ló pọ̀. Nítorí náà, bí ajílẹ̀ ṣe ń fẹ̀ dé mítà mẹ́jọ, mítà mẹ́fà la ó ka ìlà kan sí. Etí ìlà yìí á máa gun orí etí ìlà tó tẹ̀ lé e, kí díẹ̀ àti díẹ̀ lè di odidi. Ẹni tó bá ń wa katakata láìfi igi tàbí àsíá sàmì sí ìparí oko ti ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́.

Ibi tí hóró bá já sí lórí àwo ló ń pinnu ẹ̀gbẹ́ tó máa gbà lọ. Bí ihò bá yí díẹ̀ ní àyíká ọ̀pá àárín, gbogbo ìfọ́nká á yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Yúríà àti NPK kì í yọ̀ bákan náà lára ìyẹ́, nítorí náà ohun tó bá gún fún ọ̀kan lè wọ́ fún èkejì. Ẹni tó gbọ́n kì í jó ìdí họ́pà pa. Ihò gígùn ló máa ń gbẹ́ sí ibi tí bóòtì rẹ̀ ń gbà, kó lè yí i díẹ̀ nígbàkigbà tí ajílẹ̀ bá yí padà.

Kí ló wá ń yí àwo? Táyà ni. Bí katakata bá ṣe ń wọ́ ẹ̀rọ lọ, táyà ń yí, àwo náà ń yí. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 máa ń yí nígbà 53 ní ìṣẹ́jú kan tí ìrìn bá jẹ́ kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí. Àwo sì gbọ́dọ̀ yí nígbà 475. Ìlọ́po mẹ́sàn-án nìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ yí agbára náà láti ìbúlẹ̀ sí òró. Iṣẹ́ jíà ni, jíà sì wọ́n.

Ọ̀nà àbáyọ wà ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀ ní Agodi n'Íbàdàn: ìdí ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń wà á, tòun ti dífù rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń yí jíà kékeré, jíà kékeré á yí jíà ńlá, ìyára á sì dín kù kó tó dé táyà. Bí a bá dojú rẹ̀ sókè, tí a jẹ́ kí táyà máa yí jíà ńlá, ìyára á pọ̀ sí i. Bí jíà ńlá bá ní eyín 41, tí kékeré ní 11, ìgbà 53 á di bíi 198. Lẹ́yìn náà ni ṣéènì ọ̀kadà, láti orí jíà eléyín 36 sí orí jíà eléyín 15, á sọ ọ́ di 475. Ìdí ọkọ̀ kan yìí ti fún wa ní bẹ́árìn, họ́ọ̀bù, ibi tí a ń de táyà mọ́ àti jíà tó lè gbé ẹrù tó ju tiwa lọ. Ó tún ṣe oore kan sí i: bí ẹ̀rọ bá ń yí kọ́nà, tí táyà kan ń yára ju èkejì lọ, dífù á mú ìdajì àpapọ̀ wọn fún àwo, ìyára rẹ̀ kò sì ní dàrú.

Ṣéènì yẹn ló jẹ́ ká lè gbé àwo síwájú díẹ̀ ju ọ̀pá táyà lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ló ń dáàbò bo ẹni tó ń wa katakata. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn ọ̀pá táyà, imú ẹ̀rọ á máa fẹ́ gbéra, á sì máa jà sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹrù bá wà níwájú díẹ̀, imú rẹ̀ á jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí ìkọ́ katakata. Níwájú àwo la ó fi páànù tó ká kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ sí, kí hóró má baà máa ba ẹ̀yìn awakọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 70 tí àwo fi ga ju orí táyà lọ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, hóró á máa gba orí táyà kọjá láìkàn án. Ṣùgbọ́n gíga yìí ní owó orí tirẹ̀: ẹnu họ́pà ti dé àyà géńdé, gbígbé àpò 50 kílò dé ibẹ̀ kì í ṣe eré. A gbọ́dọ̀ jó àtẹ̀gùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún awakọ̀ kó má fi eré yí kọ́nà lórí ilẹ̀ tó dà.

Ohun méjì ni awakọ̀ ní láti mọ̀ dájú nípa ẹ̀rọ tí táyà ń yí. Àkọ́kọ́, ihò kì í wo bí táyà ṣe ń yára. Kílò 12 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, yálà katakata ń sáré tàbí ó ń rá. Bí ìrìn bá já sí kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí, hẹ́kítà á gba ìlọ́po méjì, àwo kò sì ní lè jù ú jìnnà mọ́, àárín ọ̀nà nìkan ni gbogbo rẹ̀ á kó sí. Nítorí náà, ká ti máa rìn ká tó ṣí ìlẹ̀kùn, ká sì tì í ká tó dúró. Èkejì, nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá ń lọ lójú títì, àwo ń yí. A gbọ́dọ̀ fi píìnì kan sí ọ̀pá rẹ̀ tí a lè yọ, kó lè sinmi.

Ọ̀tá tó kù ni ìpẹtà. Ajílẹ̀ jẹ́ iyọ̀, iyọ̀ tó bá sì ti fa omi, irin ló ń jẹ. Irin alágbára tí kì í dípẹtà ló dára jù fún họ́pà àti àwo, ó sì wọ́n jù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lè lo páànù dúdú tó nípọn ní mìlímítà méjì, kó ha á mọ́, kó fi ọ̀dà tó dáa kùn ún nínú lóde, kó sì máa yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin wò, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti máa ń wọlé. Kó má ṣe lo idẹ tàbí bàbà níbi kankan tí ajílẹ̀ lè dé, nítorí amóníà máa ń jẹ wọ́n títí wọn á fi sán. Bí iṣẹ́ bá ti parí ní ìrọ̀lẹ́, ká gbọn họ́pà dànù, ká fi omi fọ̀ ọ́, ká jẹ́ kó gbẹ, ká fún ṣéènì ní epo. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi ajílẹ̀ sínú rẹ̀ sùn kì í dàgbà.

Ajílẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀rọ yìí lè fọ́n. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ, tí wọ́n sì ti sọ di hóró, á gba ibẹ̀ kọjá bí ihò bá fẹ̀ sí i. Irúgbìn ìrẹsì tàbí ti koríko ẹran náà á gbà. Àwọn èèyàn wa tó wà ní ìlú ọba àti Amẹ́ríkà ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú títì nígbà òtútù, tí ọkọ̀ ńlá ń fọ́n iyọ̀ ká kí yìnyín má baà mú ọ̀nà yọ̀. Ṣùgbọ́n láìmù oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń tún ilẹ̀ kíkan ṣe kò yẹ fún àwo, torí ẹ̀tù ni. Àpótí gígùn tó ní ihò lẹ́sẹẹsẹ nídìí, tó ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ tààrà láìjù ú, ló yẹ ẹ́. Ẹ̀rọ yìí kò sì yẹ fún oko tí a kọ ebè sí. Yúríà tí a fi ń bọ́ àgbàdo lẹ́ẹ̀kejì pàápàá, inú ilẹ̀ ló yẹ kó wà, torí bí a bá fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀, púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti jọba ni orí ilẹ̀ títẹ́, pẹ̀lú NPK, kí háróò, irin tí katakata fi ń fọ́ ilẹ̀ wẹ́wẹ́, tó gba ibẹ̀ kọjá kẹ́yìn.

Nígbà tí a bá jó o tán, ká má tíì kùn ún. Ká wọ̀n ọ́n ná. Ká yọ àwo kúrò, ká gbé garawa sábẹ́ ihò, ká wọ́ ẹ̀rọ náà ní mítà 100 gbáko fún ìṣẹ́jú kan. Kílò 12 ló yẹ ká bá nínú garawa. Bó bá lé, ká ti bóòtì wọlé; bó bá dín, ká fà á jáde. Lẹ́yìn náà, ká dá àwo padà, ká to atẹ 20 tí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì mítà níbùú lóròó sí ìlà kan ní ìdábùú ọ̀nà, ká fi páálí pín inú wọn kí hóró má baà ta jáde, ká sì mú àwọn tí táyà máa gùn kúrò. Katakata á wọ́ ẹ̀rọ gba àárín wọn, á tún padà gba ìlà tó tẹ̀ lé e ní mítà mẹ́fà síbẹ̀. Giramu márùn-ún péré ló yẹ kó wà nínú atẹ kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín ìlà méjèèjì. Òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà ni yóò lè wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ oko ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kọ ìlànà irú ìdánwò yìí sílẹ̀, S341 ni wọ́n pè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà ni pé bí ìyàtọ̀ láti atẹ dé atẹ kò bá ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ̀rọ náà dára. Bó bá ti ju 20 lọ, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára ohun ọ̀gbìn.

Ní Òkúdù 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n fẹnu kò pé kí oúnjẹ ilẹ̀ tí à ń lò di kílò 50 fún hẹ́kítà kan. Ní 2022, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lẹ́kì, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Ajílẹ̀ ń jáde nílẹ̀ wa. Ọwọ́ tó máa fọ́n ọn ká lọ́nà tó tọ́ ló kù, ọwọ́ yẹn sì wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ oko, àti ní NCAM, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ oko, ní Ìdọ̀fìàn lẹ́bàá Ìlọrin.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ má fi ojú wọ̀n ihò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín to atẹ kí wọ́n tó gba máàkì. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó fẹ́ rà á, ẹ má bi ẹni tó ń tà á bóyá irin rẹ̀ le. Ẹ bi í léèrè pé giramu mélòó ló wà nínú atẹ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ má sanwó.